Celica, 350Z, SLK tàbí Z4: Èwo ni ará Ifẹ̀ tàbí Iléṣà lè rà láìkábàámọ̀?

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ jù, àìsàn ara rẹ̀ ló sábà máa ń fà á wálẹ̀. Ẹ lè dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ kí ẹ bá BMW Z4 ọdún 2004, òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, kí owó tí wọ́n sì pè é má fi bẹ́ẹ̀ ju ti Corolla tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á kò fẹ́ràn yín ju ara rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí Corolla yẹn bá kú ní Òṣú lálẹ́, ẹni tó máa tún un ṣe kò jìnnà. Z4 ńkọ́?

Torí náà, ẹ jẹ́ ká pa ọ̀rọ̀ ẹwà àti eré tì ná. Ohun tí màá fi wọ́n wéra ni irú àìsàn tó ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe lè dá a mọ̀ kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àti bóyá ẹni tó lè wò ó sàn wà láàárín Ifẹ̀ sí Iléṣà. Mẹ́rin ni mo mú: Toyota Celica (2000 sí 2005), Nissan 350Z (2003 sí 2006), pẹ̀lú ọmọ ìyá rẹ̀ Infiniti G35 onílẹ̀kùn méjì, Mercedes-Benz SLK àkọ́kọ́ (1996 sí 2004), àti BMW Z4 àkọ́kọ́ (2003 sí 2008). Mazda RX-8 náà máa yọjú níwájú, àmọ́ kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ta ni ìbátan ẹ́ńjìnnì rẹ̀?

Ìbéèrè tó yẹ kó ṣíwájú nìyí. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì lè ṣọ̀wọ́n nígboro, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ lè wà lára ọkọ̀ tí gbogbo ayé ń wà.

Celica GT ló ṣíwájú gbogbo wọn níhìn-ín. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni 1ZZ-FE, 1.8 lítà, agbára ẹṣin 140. Òun náà ló wà nínú Corolla 2003 sí 2008 àti nínú Matrix. Láti Lágere dé Sábó, títí wọ Mọ́dákẹ́kẹ́, mẹkáníìkì Toyota tí kò tíì tú u rí ṣọ̀wọ́n. Púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, sẹ́ńsọ̀ àti wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀, ẹ ò ní wá a lọ sí Èkó.

350Z àti G35 ló tẹ̀ lé e. VQ35DE, 3.5 lítà, ni ẹ́ńjìnnì wọn, òun náà ló wà nínú Murano, nínú Maxima, àti nínú Altima alágbára. Ẹni tó bá mọ Murano tún ṣe dáadáa mọ ìdajì iṣẹ́ 350Z. Ìdajì tó kù ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa Maxima àti Altima, nítorí náà jíà rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

SLK 230 ń lo ẹ́ńjìnnì M111 tó ní kompressor (ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti atẹ́gùn wọ inú ẹ́ńjìnnì), ìyẹn irú èyí tó wà nínú C230 Kompressor. Jíà rẹ̀, 722.6 oníjíà márùn-ún, wà lára ọ̀pọ̀ C-Class àti E-Class ayé ìgbà náà. Àwọn oní-Benz wà ní Ifẹ̀, wọ́n sì wà ní Iléṣà, ṣùgbọ́n oní-Benz tó ní síkánà tó ń bá jíà sọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ti Z4 ọdún 2003 sí 2005 ni M54, tó wà nínú 325, 330, 525 àti X5 3.0. Òun ló le jù láti rí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nítòsí. Ẹ lè bára yín ní Gate, n'Ìbàdàn, nítorí gáàsìkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Ẹ kíyè sí i pé Celica méjì ló wà. GT-S ń lo ẹ́ńjìnnì mìíràn, 2ZZ-GE tí Toyota àti Yamaha jọ ṣe, agbára ẹṣin 180. Ẹ máa rí "VVTL-i" lórí ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ti GT, "VVT-i" lásán ni. Èyí tó jẹ́ jíà ọlọ́wọ́ ní jíà mẹ́fà. Ó dùn ún wà o, ṣùgbọ́n adùn náà kì í dé àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí kọjá 6,000 lórí aago rẹ̀. Níbo lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn lẹ ti fẹ́ rí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀? Ohun èlò rẹ̀ kò sì bá ti Corolla tó wà ní ìta mu. GT ni mò ń sọ láti ìhín lọ.

Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí ẹ bá

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó má tíì sítáàtì ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, nǹkan kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́: bóyá ariwo ṣéènì nígbà tí ọ́ìlì kò tíì gòkè, bóyá èéfín àárọ̀.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ débi tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti máa tàn, ẹ má tíì sítáàtì. Gbogbo iná ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ tàn: ti ẹ́ńjìnnì, ti ABS, ti airbag. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dìde, kí wọ́n kú. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá tàn rárá, ẹ má rò pé ọkọ̀ náà le koko. Ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí ó ti lẹ nǹkan dúdú mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, síkánà. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, síkánà kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ sì tó láti kà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo kóòdù nìkan. Bí wọn ò bá rí kóòdù, ó parí. Rárá o. Ẹ wo ibi tó ń jẹ́ readiness. Bí ó bá ní ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ni ọkọ̀ náà kò tíì parí, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, tàbí wọ́n yọ orí bátìrì láìpẹ́. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé bátìrì ló kú lánàá. Kò burú. Ẹ ní kó máa wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó padà wá kà á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Búlúù ni ọ́ìlì tó ń jóná. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì dùn díẹ̀, omi rédíétọ̀ ló ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Dúdú ni epo tó pọ̀ jù, èyí sì rọrùn jù láti tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ́ìlì: ibi tí Celica ti ń jìyà

Pẹ̀lú gbogbo bí mo ṣe yin Celica, àléébù kan wà lára rẹ̀ tí kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àwọn 1ZZ-FE ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá ti ọdún 2000 sí 2002, máa ń mu ọ́ìlì. Ihò kéékèèké tí ọ́ìlì ń gbà padà wálẹ̀ lára písítọ̀nù wọn kéré jù. Bí ọ́ìlì bá ti jóná sí wọn lẹ́nu, wọ́n á dí, ríìngì ọ́ìlì á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó wà, kò ní lè nu ògiri sílíńdà mọ́. Ọ́ìlì á wá máa bá epo jóná. Toyota pààrọ̀ irú písítọ̀nù náà lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá sí i ni láti da ọ́ìlì 20W-50 sí i. Èéfín á rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹni tó ń rà á á rò pé ara ọkọ̀ dá. 5W-30 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń fẹ́. Ọ́ìlì yìí náà ló ń ti ẹ̀rọ VVT-i, èyí tó ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ṣiṣẹ́. Bó bá nípọn jù, ẹ̀rọ náà á máa lọ́ra, kóòdù P1349 á sì yọjú. Tí ẹ bá rí P1349 lára Celica, ẹ wo àwọ̀ àti ìnípọn ọ́ìlì kí ẹ tó gbà fún ẹnikẹ́ni pé fáàfù VVT ló bàjẹ́. Nígbà mìíràn, pípààrọ̀ ọ́ìlì àti fífọ ajọ̀ kékeré tó wà lẹ́nu fáàfù náà ló máa parí rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń mu ọ́ìlì? Òkè Iléṣà á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ ní Ifẹ̀, ẹ sàmì sí ibi tó dé. Ẹ wà á lọ sí Iléṣà, bíi 30 kìlómítà ni. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí jíà máa dá ọkọ̀ dúró, lẹ́yìn náà ẹ tẹ epo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tó tẹ̀ lé yín pẹ̀lú ọkọ̀ mìíràn máa wo ẹnu sálẹ́ńsà. Bí èéfín búlúù bá tú jáde bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, ọ́ìlì ń wọlé síbi tó ti ń jóná. Nígbà tí ẹ bá padà dé Ifẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀, ẹ tún fa ọ̀pá náà yọ. Bó bá hàn sójú pé ó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò kúkúrú bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló wà níwájú.

Iṣẹ́ ńlá náà ni písítọ̀nù tuntun pẹ̀lú ríìngì, tàbí kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ló sábà máa ń wọ́n kéré sí i. Ẹ wá èyí tó ti ara Corolla 2005 sí 2008 wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ti àtijọ́ nù o: àwọn nǹkan tí ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ àti àwọn ohun kan lára rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ nínú Celica, ẹ ó sì nílò láti gbé wọn láti ara ti àkọ́kọ́ sórí èyí tí ẹ rà.

Ọ̀kan tún wà tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn lásán. Ọ́ìlì tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí fáànù bẹ́ẹ̀tì wà lè dà bíi pé ẹ́ńjìnnì ti là, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà róbótó ìdí ohun tó ń fa ṣéènì tàímìnnì le ló gbẹ. Rọ́bà yẹn kò tó owó kankan. Bí ẹ bá mọ èyí, tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó ti ná ọkọ̀ náà.

Àwọn yòókù lórí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì: 350Z ọlọ́wọ́ ọdún 2005 àti 2006 tó ní agbára ẹṣin 300 náà ń mu ọ́ìlì, ẹ dá a mọ̀ nípa ilà pupa aago ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 7,000, nígbà tí ti àwọn tó ṣáájú bẹ̀rẹ̀ ní 6,600. Z4 sábà máa ń jo ọ́ìlì lójú gáàsìkẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù àti lójú ibi tí fílítà ọ́ìlì jókòó sí, tí òórùn ọ́ìlì jíjóná á sì máa wọ inú ọkọ̀ tí ẹ bá dúró níbi gòsílóò. M111 inú SLK ló dákẹ́ jù nínú wọn lórí èyí.

Gbígbóná: ẹ má gbé Z4 lọ sókè Ìjẹ̀ṣà báyìí

Ike ni BMW fi ṣe púpọ̀ nínú ohun tó ń mú M54 tutù: ike tí omi ń gbé, ẹnu àwọn páìpù, ilé tàmósítáàtì, àti nínú àwọn kan, abẹ̀bẹ̀ inú wọ́tà pọ́ǹpù pàápàá. Lẹ́yìn ogún ọdún, ike yẹn ti gbẹ, ó ti di ẹlẹgẹ́. Ó lè máa jò díẹ̀díẹ̀ kó tó já, ó sì lè là lójijì. Èyí tó burú jù ni pé bọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ alumíníọ̀mù. Bó bá gbóná kọjá ààlà lẹ́ẹ̀kan péré, ibi tí bóòtù orí ẹ́ńjìnnì ti wọ inú bọ́ọ̀kù lè fà yọ, gáàsìkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní dúró lórí rẹ̀. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, pẹ̀lú àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ bóyá ike yẹn ṣì le.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ó tutù. Ẹ wo ojú ìpàdé ike omi náà. Bí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá gbẹ mọ́ ọn, ó ti ń jò. Ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ kó tó gbóná rárá: bí ìfòòfó bá ń hó wá láìdáwọ́dúró, atẹ́gùn inú sílíńdà ló ń wọ inú omi. Mẹkáníìkì tó bá ní ẹ̀rọ ìdánwò olómi búlúù lè fi jẹ́rìí sí i. Omi búlúù yẹn á di yẹ́lò bí èéfín bá wà nínú rédíétọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Z4 pẹ̀lú gbogbo èyí, kó ṣírò ike omi, tàmósítáàtì, wọ́tà pọ́ǹpù àti gbogbo ọ́òsì mọ́ owó ọkọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó sì pààrọ̀ wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó má dúró dìgbà tí ọ̀kan bá já.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: àṣà tí a ní láti máa yọ tàmósítáàtì jù nù kò bá àwọn ọkọ̀ yìí mu. Ti M54 ní iná mànàmáná nínú, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, iná á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì á rò pé òtútù ń mú òun, á sì máa da epo sílẹ̀. Celica pàápàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ lásán náà kò dára. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù láti inú. Kí ẹ ra coolant, omi tí wọ́n dìídì ṣe fún rédíétọ̀.

Celica, 350Z àti SLK kì í sábà gbóná láìnídìí. Bí wọ́n bá gbóná, ẹ kọ́kọ́ wo fáànù rédíétọ̀ àti ìdọ̀tí tó dí rédíétọ̀ lójú.

Jíà: ẹ má tíì ra òmíràn

Èyí ni fún ẹni tó ń wo SLK. Ọkọ̀ á máa lọ dáadáa, lójijì jíà á dúró sí 2, kò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lórí eré kékeré. Ẹ pa á, ẹ tún un sítáàtì, ó padà sí bó ṣe wà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe é. Ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé jíà ti kú, kí ẹ lọ ra tòkunbọ̀ rẹ̀.

Ẹ dúró ná. Jíà 722.6 ní pẹlẹbẹ kan nínú tí wọ́n ń pè ní conductor plate, èyí tí sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré jíà wà lára rẹ̀. Òun ló sábà máa ń ṣàìsàn. Ohun kékeré kan tún wà: ojú ìsopọ̀ wáyà tó wọ inú jíà láti ẹ̀gbẹ́ ní rọ́bà tó máa ń gbẹ, ọ́ìlì jíà á sì máa gba ibẹ̀ jáde. Nígbà mìíràn, ọ́ìlì yẹn á máa yọ́ gun wáyà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà jíà fúnra rẹ̀. Kí ẹ fa wáyà ibẹ̀ jáde kí ẹ wò ó. Bí ó bá rin fún ọ́ìlì, ẹ ti mọ ibi tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ìsopọ̀ tuntun, conductor plate, ọ́ìlì tuntun àti fílítà: iṣẹ́ ọjọ́ kan ni lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, owó rẹ̀ kò sì dé ibi tí owó odidi jíà dé.

Ohun tó ń fa wàhálà níbí ni pé jíà náà kò ní ọ̀pá tí ẹ lè fi wọn ọ́ìlì rẹ̀. Ihò ọ̀pá wà, ṣùgbọ́n wọ́n dé e pa. Mẹkáníìkì ló ní ọ̀pá tirẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ jíà SLK ló ti ń fi ọ́ìlì tó dín rìn láti ọdún pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Ní ti 350Z ọlọ́wọ́, kí ẹ tẹ́tí sí jíà bó bá ń ké nígbà tí ẹ bá ń wọ ọ́ kíákíá. Z4 tí wọ́n kọ SMG sí lára (jíà ọlọ́wọ́ tí pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpútà ń bá èèyàn wọ̀), ẹ yẹra fún un, ẹ má bi mí ní ìdí lẹ́ẹ̀mejì: pọ́ǹpù rẹ̀ wọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí nítòsí. Ọ̀tọ́mátíìkì tàbí ọlọ́wọ́ lásán ló dáa. Celica ọlọ́wọ́ kò ní wàhálà ju kílọ́ọ̀ṣì lọ.

Ọkọ̀ tó kú lójú ọ̀nà, tó sì tún dìde

Ti 350Z àti G35 nìyí. Ẹ wà á láti Ìbàdàn wá, ooru ti mú un, ẹ dé Gbọ̀ngán, ó kú. Ẹ jókòó bíi ogún ìṣẹ́jú, ó dìde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ dá lẹ́bi ni pọ́ǹpù epo. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ló ń kú nínú ooru: kóòdù P0335 ni ti kíráǹkì, P0340 àti P0345 ni ti káàmù. Kí ẹ pààrọ̀ wọn pẹ̀lú ojúlówó. Èyí tó pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú máa ń tún da ọkọ̀ náà rú láàárín oṣù díẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé nǹkan mìíràn ni.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Ó fọ ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tàbí ó yọ orí bátìrì. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sókè sódò níbi tó dúró sí. Kò bàjẹ́. Nissan fẹ́ kí wọ́n tún kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ìwọ̀n atẹ́gùn tó yẹ, síkánà tó dára sì ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Rìwáyà tó ń tọ́jú Murano mọ̀ ọ́n.

Ti Z4 yàtọ̀: sítíárìn oníná ló ní, sítíárìn náà sì máa ń lẹ̀ mọ́ àárín lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn nínú oòrùn. Ẹ dán an wò ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tó ti rìn fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá ṣe é láàárọ̀ kùtù, kò ní fara hàn.

Abẹ́ ọkọ̀ àti bọ́ọ̀pù

Gbogbo wọn ló sún mọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ inú ọgbà OAU lójoojúmọ́ mọ ohun tí bọ́ọ̀pù ń ṣe fún ẹnu iwájú wọn. G35 ní búṣìn ńlá kan níwájú tó máa ń ya, omi á jáde lára rẹ̀, ọkọ̀ á wá máa gbọ̀n lọ́wọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹ ó sì gbọ́ kóó lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wo inú táyà iwájú tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì: bó bá jẹ níbẹ̀ nìkan, búṣìn tàbí àlàímẹ́ǹtì ni. Z4 kò ní sípíà táyà. Run-flat, táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ láìní atẹ́gùn, ni wọ́n fi rán an jáde, fọkanáísà ẹ̀bá ọ̀nà kò sì fẹ́ràn láti fọwọ́ kan án. Celica ní sípíà.

Òrùlé tó ń ṣí

SLK ní òrùlé irin tó ń ká wọ inú búùtù. Z4 ní aṣọ. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé òrùlé SLK kò ṣí mọ́, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ dín owó kù, ẹ ṣí búùtù. Aṣọ ìbora kan wà níbẹ̀ tó ń pín ẹrù sọ́tọ̀. Bí wọn ò bá fà á kó kan ibi tó yẹ, òrùlé kò ní mì rárá, nítorí kí ó má bàa tẹ ẹrù fọ́. Bátìrì tó rẹ̀ náà ń dá a dúró. Bí ẹ bá ti ṣe méjèèjì tí kò ṣí síbẹ̀, ẹ wá ọ́ìlì tó ń kán láti ara àwọn irin tó ń tì í sókè.

Ti Z4, omi òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Ihò tí omi ń gbà jáde lẹ́yìn aṣọ òrùlé máa ń dí fún ewé àti erùpẹ̀, omi á wá kó jọ síbi tí mọ́tò òrùlé wà, á sì rì í. Ọkọ̀ tó dúró lábẹ́ igi máńgòrò fún oṣù mẹ́ta láàárín òjò kò lè mórí bọ́. Aṣọ náà kò tún fẹ́ràn oòrùn wa. Bí ẹ kò bá ní ibi tó ní òrùlé tí ẹ ó máa gbé e sí nílé, ẹ gbàgbé Z4.

RX-8

Ẹ má rà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní písítọ̀nù. Ohun onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, orí igun wọ̀nyẹn sì máa ń jẹ títí agbára ìfúnpọ̀ á fi tán. Ó ń mu ọ́ìlì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, ó kórìíra kí ẹ sítáàtì rẹ̀ kí ẹ sì pa á nígbà tó tutù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ọkọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá fi í tọ yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́ kí ẹ tà á.

Èwo wá ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ kan ṣoṣo ṣe gbogbo ìrìn rẹ̀, Celica GT ni, 2003 sókè bó bá ṣeé ṣe, ọlọ́wọ́ tàbí ọ̀tọ́mátíìkì. Kò yára bí ó ṣe rí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ Mọ́ńdè kò ní bá yín ní ìdí mẹkáníìkì.

Ẹni tó ti ní ọkọ̀ mìíràn nílé, tó sì fẹ́ agbára gidi, kó ra G35 dípò 350Z. Ẹ̀rọ kan náà ni, ó ní àyè ẹ̀yìn fún ọmọ méjì, kò sì fa ojú àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà mọ́ra bí 350Z pupa ṣe ń fà á. Kó mọ̀ pé ìwé ọkọ̀ náà ní kí wọ́n máa lo epo tó ga ju èyí tó wà nílé epo wa. Ẹ́ńjìnnì á fara dà á, agbára rẹ̀ á kàn dín díẹ̀.

SLK wà fún ẹni tó ní oní-Benz tó fọkàn tán, tí kì í ṣe ti àjọṣe ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ní i, mo fi í ṣáájú 350Z pàápàá, nítorí owó tí òkìkí jíà rẹ̀ ń gé kúrò lára rẹ̀ ju owó tí àtúnṣe rẹ̀ ń gbà lọ. Z4 dára jù ún wà nínú gbogbo wọn, mi ò ní parọ́. Ẹni tó bá ní owó ọkọ̀ méjì ni kó ra ọ̀kan.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ka nọ́ńbà onílẹ́tà àti òǹkà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ fi wé èyí tó wà lójú ilẹ̀kùn awakọ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: Y ni 2000, 1 ni 2001, 3 ni 2003, 5 ni 2005. Bí wọ́n bá pe Celica ní 2004 tí àmì kẹwàá rẹ̀ sì jẹ́ 1, ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì ni wọ́n fẹ́ tà fún yín.